Ìwé ilẹ̀ àwọn Navajo àti Ute: ta ló ń buwọ́ lù ú?

Akínkúnmi_Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Mi ò fẹ́ pè wọ́n ní “ọmọ onílẹ̀”, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí orúkọ yẹn ti dà létí ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Èkó tàbí ní Ògùn. Níbi tí ìpínlẹ̀ Arizona, New Mexico, Utah àti Colorado ti pàdé ni ẹ̀yà méjì kan ti jọ ń ṣe aládùúgbò: àwọn Navajo, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, àti àwọn Ute.

Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn Navajo fẹ̀ tó nǹkan bí 27,000 máìlì níbùú lóòró. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì níbẹ̀. Wọ́n wa gáàsì, wọ́n wa èédú ilẹ̀, wọ́n wa uranium. Síbẹ̀, nínú ilé mẹ́ta tó wà lórí ilẹ̀ náà, nǹkan bí ẹyọ kan ni kò ní omi ẹ̀rọ. Àwọn Southern Ute tí wọ́n wà ní Ignacio, ní Colorado, kò ju nǹkan bí 1,500 ènìyàn lọ, ilẹ̀ wọn kò sì tó ìdá kan nínú ogún ti Navajo, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé iṣẹ́ gáàsì tiwọn, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣòwò kiri Amẹ́ríkà. Ṣé orí ló yàtọ̀ ni, àbí ìwé tí wọ́n buwọ́ lù? Ta ló tilẹ̀ ni ilẹ̀ náà gan-an?

Amòfin_Mápó

Akínkúnmi, èyí tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni kí á kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni gbòǹgbò. Ní ọdún 1823, nínú ẹjọ́ Johnson v. M'Intosh, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn tí òyìnbó bá lórí ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ àti láti máa lò ó, ṣùgbọ́n pé ìjọba àwọn tó dé bá wọn ló ni ín lójú òfin, ìjọba náà nìkan ni wọ́n sì lè tà á fún. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ìjọba àpapọ̀ di alágbàtọ́. Títí di òní, orúkọ ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lórí ìwé ilẹ̀ Navajo àti ti Ute, ẹ̀yà ni a ní ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí òfin ìyálò ohun àlùmọ́nì dé ní 1938, ohun tó sọ kò ju èyí lọ: kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yà gbà, kí mínísítà tí wọ́n ń pè ní Secretary of the Interior sì fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdéhùn kò sí.

Ẹ fi wé ilẹ̀ ẹbí lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Mọ́gàjí ló ń ṣojú, ẹbí ló ni ilẹ̀. Bí mọ́gàjí bá tà á lẹ́yìn ẹbí, ilé ẹjọ́ lè dá ọjà náà nù. Ti àwọn wọ̀nyí burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé mọ́gàjí wọn kì í ṣe ọmọ ẹbí, àwọn tó fẹ́ yá ilẹ̀ sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ju àwọn onílẹ̀ lọ.

Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn pẹ̀lú ìjọba, ọdún 1868. Ti Ute wáyé ní oṣù kẹta. Ti Navajo wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rin àwọn ènìyàn náà lọ sí ìgbèkùn ní Bosque Redondo, tí wọ́n sì ti jìyà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn ìgbà náà ilẹ̀ Navajo ń fẹ̀ sí i, nítorí pé àṣẹ ààrẹ kan tẹ̀lé òmíràn láti fi kún un. Ti Ute ń sún kì ni. Wúrà àti fàdákà jáde lórí òkè San Juan, àdéhùn Brunot ti 1873 sì gba òkè náà lọ́wọ́ wọn, nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin éékà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa aṣojú ìjọba, Nathan Meeker, ní 1879, wọ́n lé àwọn Ute White River àti Uncompahgre kúrò lọ sí Utah. Kí ó tó di òpin ọ̀rúndún náà, ohun tó kù fún Ute ní Colorado kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ kan ní ìhà gúúsù lọ.

Ìyá_Ìbejì_Farmington

Mo kí gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Farmington, ní New Mexico, ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú sì jẹ́ Diné. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ Amòfin lẹ́yìn, nítorí pé mo gbà pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí kò lè mọ bí nǹkan ṣe rí báyìí.

Láyé àtijọ́, àwọn Diné kò ní ọba, wọn kò sì ní ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Agbo ilé àti ìdílé ni wọ́n fi ń ṣètò ara wọn, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní àgbà tirẹ̀. Ní 1921 ni àwọn elépo bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ ilẹ̀ lágbègbè Shiprock. Àwọn àgbà ibẹ̀ pàdé, wọ́n kọ̀ fún àwọn kan, wọ́n sì gbà fún ẹyọ kan. Nígbà tí epo wá jáde ní 1922, ó hàn sí ìjọba pé kíkọ̀ àwọn àgbà yóò máa dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1923, ìgbìmọ̀ Navajo àkọ́kọ́ jókòó ní Toadlena, Chee Dodge ni alága wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìgbìmọ̀ náà ṣe ni pé kí ó yọ̀ǹda fún aṣojú ìjọba àpapọ̀ láti máa buwọ́ lu gbogbo ìwé ìyálò epo ní orúkọ wọn.

Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n kó wọn jọ kí wọ́n lè gbé gègé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Bọ̀dá_Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ gáàsì ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ti Southern Ute ni n óò sọ.

Àwọn náà gba ìpín onílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó sílé tí àgbẹ̀ ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún. Ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ kò mọ iye iṣu tó wà nínú oko. Iye tí àgbẹ̀ bá gbé wá ló mọ̀. Ní 1974, lábẹ́ alága wọn Leonard Burch, wọ́n ní kí ìyálò tuntun dúró ná. Wọ́n fi àkókò yẹn ka kànga, wọ́n yẹ ìwé owó wò, wọ́n sì gba àwọn onímọ̀ ilẹ̀ síṣẹ́. Òfin 1982 wá jẹ́ kí ẹ̀yà lè ṣe àjọṣe òwò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ dípò kí wọ́n kàn máa fi ilẹ̀ yá wọn. Ní 1992 wọ́n dá ilé iṣẹ́ gáàsì tiwọn, Red Willow, sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn kànga tó wà lórí ilẹ̀ tiwọn padà lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á. Ní 1994 wọ́n ra ọ̀pá tí gáàsì ń gbà kọjá, tí í ṣe Red Cedar. Ojú ọ̀pá yìí ni kí ẹ máa wò o, nítorí kò sí kànga tí kò ní gba inú ọ̀pá ẹnì kan kọjá kí owó tó jáde.

Nítorí náà, Akínkúnmi, kì í ṣe orí. Wọ́n kúrò ní onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n di àgbẹ̀ oko ara wọn.

Akínkúnmi_Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo kà á níbì kan pé àwọn Southern Ute yìí kan náà pàdánù ẹjọ́ ńlá kan lórí gáàsì, tí ó sì jẹ́ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń jà lé. Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́?

Amòfin_Mápó

Ẹjọ́ Amoco v. Southern Ute ni o ń sọ, ọdún 1999. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yẹn ju bí ó ṣe yẹ lọ, ẹ fara dà á fún mi.

Nígbà tí ìjọba ṣí apá kan ilẹ̀ Ute sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó, òfin 1909 àti 1910 sọ pé kí àgbẹ̀ gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ kù sọ́wọ́ ìjọba. Ní 1938, ìjọba dá èédú náà padà fún ẹ̀yà. Ó wá jẹ́ pé ẹni òkè yàtọ̀ sí ẹni ìsàlẹ̀: òyìnbó ń gbin kóríko fún màlúù lókè, Ute ló ni èédú tó wà nísàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tó bìkítà. Àmọ́ gáàsì wà tó lẹ̀ mọ́ ara èédú náà. Láyé ọjọ́un, nǹkan ewu ni wọ́n kà á sí, nítorí pé ó máa ń pa àwọn awakùsà. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fà á jáde kí wọ́n sì tà á, ó di owó rẹpẹtẹ, ìbéèrè sì dé: ṣé ẹni tó ni èédú ló ni gáàsì inú rẹ̀, àbí ẹni tó ni ilẹ̀?

Ẹ̀yà pe ẹjọ́ ní 1991. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Nígbà tí ó dé òkè pátápátá, àwọn adájọ́ ní ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “èédú” ní 1910 ni a óò lò, ìyẹn òkúta dúdú tí a ń dá iná sí. Gáàsì kì í ṣe òkúta. Adájọ́ méje sí ọ̀kan. Mo máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ amòfin pé bí ẹnì kan bá tà ọ́ ní igi ọ̀pẹ, ṣé ó ta ẹmu inú rẹ̀ fún ọ? Ìdáhùn wọn kì í bára mu rárá.

Èyí tó yẹ kí a rí ni pé wọ́n pàdánù ẹjọ́ yẹn, kò sì fọ́ wọn, nítorí pé nígbà tí ìdájọ́ fi dé, Red Willow ti ń wa gáàsì tirẹ̀ láwọn ibi tí kò sí ariyànjiyàn.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀ròyìn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Bọ̀dá Houston, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ìfiwéra yẹn kò tọ́. Ẹni 1,500 lè pín owó gáàsì kí ó kárí. Àwọn Navajo tó wà nínú ìwé orúkọ ẹ̀yà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000. Ẹ pín owó kan náà láàárín wọn, kí ẹ wo ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èédú kì í ṣe gáàsì. Ẹni tó fẹ́ wa èédú nílò ẹ̀rọ ńláńlá àti ojú irin, ó sì nílò ẹni tí yóò máa rà á fún ọgbọ̀n ọdún.

Bọ̀dá_Houston

Mo gbà pé iye ènìyàn yàtọ̀. N kò gbà pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Amòfin, ẹ bá wa sọ ti 37.5 sẹ́ǹtì, kí Àbẹ̀kẹ́ lè rí ohun tí mò ń wí.

Amòfin_Mápó

Ó dára. Ní 1964, ilé iṣẹ́ tó wá di Peabody gba ilẹ̀ èédú lórí Black Mesa lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Navajo, mínísítà sì fọwọ́ sí i. Ìpín onílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 37.5 sẹ́ǹtì lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Kì í ṣe ìdá kan nínú owó ọjà o, sẹ́ǹtì ni, nítorí náà bí èédú ṣe ń gbówó lórí, ìpín náà dúró sójú kan bí òkúta. Nígbà tó di 1984, kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ta èédú náà lọ.

Àdéhùn náà sọ pé tí ó bá pé ogún ọdún, mínísítà lè yí iye yẹn padà sí èyí tó bójú mu. Ìgbìmọ̀ Navajo ní kí wọ́n yí i. Ọ̀gá kan nínú ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn wádìí rẹ̀, ó sì ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ́. Peabody pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ ìjọba kan náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìdájọ́ náà fẹ́ gbe Navajo, ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀rẹ́ mínísítà Donald Hodel síṣẹ́ ní 1985, ọ̀rẹ́ yìí sì bá mínísítà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé náà Hodel kọ̀wé pé kí wọ́n má tíì gbé ìdájọ́ jáde, kí wọ́n rọ àwọn méjèèjì láti lọ dúnàá-dúrà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn Navajo pé ìpàdé kan wáyé. Owó ń tán lọ lápò wọn, wọ́n rò pé ìjọba kò ní dá àwọn láre, wọ́n bá gba ìdá 12.5.

Nígbà tí òtítọ́ jáde, wọ́n pe alágbàtọ́ wọn lẹ́jọ́ fún 600 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé nínú òfin 1938, ohun tí mínísítà gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí ó wá iye tó dára jù lọ fún onílẹ̀. Wọ́n padà lọ síbẹ̀ ní 2009, ó tún já sí òfo. Èmi tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí láti ọdún yìí wá, n kò tíì rí mọ́gàjí tí adájọ́ sọ fún pé ìbuwọ́lùwé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀ròyìn

Ẹ̀gbọ́n Amòfin, ìyẹn ká mi lára gan-an, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń sọ̀rọ̀ Black Mesa bí ẹni pé Navajo nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn Hopi, ẹ̀yà mìíràn tó wà níbẹ̀, ńkọ́? Ní 1882, Ààrẹ Chester Arthur ya nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ éékà sọ́tọ̀ fún àwọn Hopi “àti àwọn mìíràn” tí ìjọba bá fi síbẹ̀. Àárín ilẹ̀ Navajo ni ó bọ́ sí. Àwọn Navajo ń kó àgùntàn wọn wọ ibẹ̀ títí wọ́n fi pọ̀ ju Hopi lọ níbẹ̀. Ẹ bi Hopi wò, ohun tí a ń sọ nípa òyìnbó ni wọn yóò sọ nípa Navajo.

Ìyá_Ìbejì_Farmington

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní jiyàn pé Hopi kò ní ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí á wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Fún bí ọgọ́rin ọdún, wọ́n jọ ń gbé, wọ́n ń jà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ àgbàdo àti ẹran àgùntàn. Àwọn tó fẹ́ yá ilẹ̀ èédú kò lè yá a láìmọ ẹni tí wọn yóò sanwó fún. Ìgbà náà ni ẹjọ́ Healing v. Jones wáyé, ní 1962 ilé ẹjọ́ ní Hopi nìkan ló ni apá kan, kí àwọn méjèèjì sì jọ ni ìyókù ní ọgbọọgba. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni Peabody gba èédú abẹ́ ilẹ̀ àjọni yẹn. John Boyden, agbẹjọ́rò tó ń rojọ́ fún Hopi, ni ìwé tirẹ̀ tí wọ́n rí lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún Peabody lásìkò kan náà. Ẹ wo bí Hopi pàápàá ṣe pàdánù.

Ní 1974 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pín ilẹ̀ àjọni náà sí méjì, wọ́n sì fa wáyà sí i. Àwọn Navajo tó kó kúrò ju 10,000 lọ. Hopi tó kó kúrò kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Mo ti tọ́jú ìyá àgbà kan tí wọ́n kó nígbà yẹn. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní ìwọ́ gbogbo ọmọ òun wà níbi tí àwọn bí wọn sí, ìwọ́ kì í sì í ṣí lọ. Mo rò ó wò pé àwa náà máa ń sin ìwọ́.

Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n fi sí “ilẹ̀ tuntun” lẹ́bàá odò Puerco, ní ìtòsí Sanders. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1979, ìdídò tó gba omi ẹ̀gbin uranium dúró ní Church Rock ti já, ó sì ti tú nǹkan bí 94 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù sínú odò yẹn kan náà.

Akínkúnmi_Ọ̀ṣun

Mà á, ẹ jọ̀wọ́, mo gbọ́ pé ibì kan wà tí wọn kò gbà kí ènìyàn ṣe àtúnṣe sí òrùlé ilé rẹ̀ pàápàá. Ṣé ọ̀rọ̀ Hopi yìí náà ni?

Ìyá_Ìbejì_Farmington

Òun ni, àmọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ìyẹn, lápá Tuba City. Ní 1966, Robert Bennett tó ń ṣe olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn pàṣẹ pé lórí mílíọ̀nù kan àbọ̀ éékà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ nǹkan kan láìjẹ́ pé Navajo àti Hopi jọ gbà. Wọn kì í sì í jọ gbà. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n bí ọmọ tiwọn nínú yàrá kan náà. Àdéhùn dé ní 2006, Ààrẹ Obama sì fagi lé òfin rẹ̀ ní 2009.

Bọ̀dá_Houston

Ẹ má gbàgbé omi. Láti Black Mesa, wọ́n ń lọ èédú kúnná, wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n sì ń tì í gba inú ọ̀pá lọ sí ilé iṣẹ́ amúnáwá Mohave ní Nevada, ìrìn 273 máìlì. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó mọ́ jù lọ lágbègbè náà ni wọ́n ń fà fún un, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ pọn omi mímu. Iná tí wọ́n fi èédú mú wá ní ilé iṣẹ́ amúnáwá kejì, ní Page, ni wọ́n fi ń fa omi odò Colorado gòkè lọ sí Phoenix àti Tucson nígbà náà. Mohave tì pa ní òpin 2005, ti Page tì pa ní oṣù kọkànlá 2019, ibi ìwakùsà sì bá wọn lọ.

Àwọn náà rí ọ̀nà àbáyọ díẹ̀ nílé ẹjọ́. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Kerr-McGee, wọ́n gbà pé Navajo lè bu owó orí lé àwọn tó ń wa nǹkan lórí ilẹ̀ wọn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ mínísítà. Owó orí yẹn kò sí nínú ìwé ìyálò kankan, ìdí sì nìyẹn tó fi ṣe wọ́n láǹfààní.

Amòfin_Mápó

Nọ́ńbà 37.5 yẹn tún yọjú níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ní Aneth, ní apá Utah lára ilẹ̀ Navajo, epo rọ̀bì jáde ní 1956. Òfin 1933 ti sọ pé ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín onílẹ̀ láti ibẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Utah máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn Navajo tó ń gbé Utah. Alágbàtọ́ kejì lórí alágbàtọ́ àkọ́kọ́. Owó náà bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ sì tẹ̀lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Utah fi gbà ní 2010 láti san 33 mílíọ̀nù dọ́là.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀ròyìn

Mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ uranium dáadáa, nítorí Ìyá Ìbejì kàn fọwọ́ kàn án ni. Láti 1944 sí 1986 wọ́n wa nǹkan bí 30 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lórí ilẹ̀ Navajo, wọ́n sì fi ihò tó ju 500 sílẹ̀ láì dí i. Ìjọba ni ó ń rà á fún bọ́ǹbù, ìjọba kan náà ni alágbàtọ́, ó sì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ inú ihò náà ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó sọ ọ́ jáde. Ní 2005, ìgbìmọ̀ Navajo ṣòfin pé kò sí uranium mọ́ lórí ilẹ̀ wọn. Òfin tó ṣe kedere nìyẹn, àwọn ni wọ́n ṣe é, ẹnikẹ́ni kò bá wọn gbé gègé.

Ṣùgbọ́n àwọn Ute Mountain Ute tó ń gbé White Mesa, ní Utah, kò lè ṣe irú rẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń lọ uranium wà ní nǹkan bí máìlì mélòó kan sí wọn, kò sì sí lórí ilẹ̀ tiwọn. Láti 1980 ló ti wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n máa wọ́de, kí wọ́n sì máa yẹ omi wọn wò.

Bọ̀dá_Houston

Ute kẹta ló kù, àwọn ti Uintah àti Ouray ní Utah. Wọ́n ṣí ilẹ̀ wọn fún àwọn àlejò ní 1905, láti ìgbà náà ni ẹjọ́ kò ti tán lórí ibi tí ààlà wọn wà. Ní 1985, ilé ẹjọ́ kan ní ààlà àtijọ́ ṣì wà. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní apá tí wọ́n ṣí ti kúrò lábẹ́ wọn. Epo wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ lè fọkàn ro ìyókù.

Àbẹ̀kẹ́_Akọ̀ròyìn

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó dùn mí jù wá, nítorí ó fi hàn pé “àwọn onílẹ̀” kì í ṣe ohùn kan. Chaco, ní New Mexico, jẹ́ àwókù ìlú àtijọ́ tí àwọn Pueblo kà sí ilé àwọn baba ńlá wọn. Ní 2023, mínísítà Deb Haaland, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Laguna Pueblo, ti ilẹ̀ ìjọba tó yí i ká ní máìlì mẹ́wàá mọ́ ìyálò epo tuntun fún ogún ọdún. Inú àwọn Pueblo dùn. Ṣùgbọ́n láàárín ibẹ̀ ni àwọn ìdílé Navajo ní ilẹ̀ tí wọ́n pín fún baba ńlá wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gba owó epo díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Òfin náà kò kan ilẹ̀ tiwọn lójú ìwé, àmọ́ ilẹ̀ wọn àti ti ìjọba wọ inú ara bí ojú ayò, kò sì sí elépo tí yóò wá gbẹ́ kànga lórí ìwọ̀nba kan tí gbogbo àyíká rẹ̀ wà ní títì. Ìgbìmọ̀ Navajo tí ó ti gba máìlì márùn-ún tẹ́lẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ta ni a óò sọ pé ó jẹ̀bi níbẹ̀?

Amòfin_Mápó

N kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ dá Bọ̀dá Houston lóhùn kí n tó lọ sùn. Ní 2013, Navajo gba ìmọ̀ràn irú èyí tí ẹ fún wọn: wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, NTEC, wọ́n sì ra ibi ìwakùsà èédú Navajo Mine lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìwakùsà BHP. Wọ́n di àgbẹ̀ oko ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọjà náà ni wọ́n ti gbà pé àwọn kò ní pe BHP lẹ́jọ́ mọ́ lórí ohun tó ti bàjẹ́ sẹ́yìn, iye èédú tí wọ́n ń rà kárí Amẹ́ríkà sì ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn ra oko náà ṣe pàtàkì bí oko fúnra rẹ̀.

Bọ̀dá_Houston

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, Amòfin. Àwọn Ute ra ti wọn nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè.

Akínkúnmi_Ọ̀ṣun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: lónìí olónìí, bí Diné kan bá fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ta ló ń buwọ́ lu ìwé?

Ìyá_Ìbejì_Farmington

Ọmọ mi, láti ìgbà òfin ọdún 2000, ìjọba Navajo fúnra wọn ni wọ́n lè fọwọ́ sí ìyálò orí ilẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣe ìlànà tí mínísítà gbà. Ohun àlùmọ́nì kò sí nínú rẹ̀. Ti ìyẹn ṣì ń lọ sí Washington.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá éékà kan ṣoṣo lẹ́bàá ilé ìyá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí àwọn tó ní ìwé ìjẹko lórí ibẹ̀, kí onímọ̀ ilẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wò ó bóyá sàréè tàbí àwókù ilé àtijọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ti ẹranko àti ewéko, kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì kan sí èkejì. Ẹnì kan nínú àwọn tó ní ìwé ìjẹko ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jogún ìwé náà. Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Ó ti ra ilẹ̀kùn, ó fi tì sára ògiri yàrá ìyá rẹ̀, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ni òun fẹ́ràn, òun kò fẹ́ kí wọ́n tà á tán kí ìwé tó jáde.